Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Kọ́ Ilé-Ìwé Sí

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Ìkòtún ní nǹkan bí agogo méje òwúrọ̀, ní ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé, aṣọ ilé-ìwé ni ohun tí yóò kọ́kọ́ kún ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń ti ọ̀nà Ìjẹ̀gún bọ̀, àwọn kan ń ti ọ̀nà Ìdímù bọ̀, àwọn mìíràn sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó ti Ìgàndò wá. Bí ó bá fara balẹ̀ wò wọ́n dáadáa, yóò rí i pé ńṣe ni wọ́n ń kọjá lára ara wọn: ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìhà ìhín ń lọ sí ilé-ìwé ìhà ọ̀hún, ẹni tí ó sì ń gbé ìhà ọ̀hún ń bọ̀ wá sí ìhà ìhín. Kí ni ó fa èyí? Ta ni ó pinnu pé ibi báyìí ni ilé-ìwé yóò wà, tí ibòmíràn tí ọmọ pọ̀ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò fi ní ẹyọ kan ṣoṣo? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ níwájú àwọn tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa, owó kékeré kọ́ sì ni àìrí ìdáhùn sí i ti ná ìjọba.

Alímọ̀ṣọ́ kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ilẹ̀ oko àti abúlé tí ó tò tẹ̀ léra lọ sí ìhà Ọ̀tà. Títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Apá Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ni agbègbè náà wà. Lẹ́yìn náà ni Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kún àkúnya. Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní àárín ìlú ń wá ilẹ̀ rà ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìdímù, ní Ìpájà àti ní Àyọ̀bọ́. Ìjọba pẹ̀lú sì kọ́ ọgbà ilé gbígbé sí Abẹ́sàn àti ibi tí a ń pè ní Gowon Estate. Kò pẹ́ tí abúlé kan fi kan èkejì, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ kò lè sọ ibi tí Ìkòtún parí sí àti ibi tí Ìgàndò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pín ìjọba ìbílẹ̀ náà sí mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó òun Òkè-Odò, Àyọ̀bọ́ òun Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́ òun Ìdímù, Ìgàndò òun Ìkòtún, àti Mọ́sàn òun Òkúnọlá. Ní ti ètò ẹ̀kọ́ girama, wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè, wọ́n sì pè é ní Ẹkùn Ètò Ẹ̀kọ́ Kìíní, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Agége.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú ìtàn kékeré yìí, òun ni pé àwọn ènìyàn ni wọ́n ṣáájú ilé-ìwé dé. Baba tí ó ra ààbọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ ń ronú ibi tí òun yóò sùn. Ẹni tí ó tà á fún un ń ronú owó tí yóò wọ àpò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá ilẹ̀ sí fún ilé-ìwé nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí àwọn ọmọ wá dàgbà tó láti lọ sí ilé-ìwé, ilé ti kún gbogbo ibẹ̀ bámúbámú, ìjọba sì di ẹni tí ń fi àtùpà wá ilẹ̀ kiri.

Kí a tó sọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ wá ojútùú sí irú ọ̀ràn yìí, ó yẹ kí a rántí pé àìmọ iye ọmọ ti fìyà jẹ àwọn aláṣẹ rí, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Apá Ìwọ̀-Oòrùn. S. O. Awókọ́yà tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti gbé àbá náà kalẹ̀ láti ọdún 1952, wọ́n sì ti fi ọdún méjì àti ààbọ̀ palẹ̀ mọ́: wọ́n ń kọ́ olùkọ́, wọ́n ń bu bíríkì, wọ́n ń gba owó orí. Ní 1954, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Àwọn tí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì kìíní ju iye tí àwọn oníṣirò ti kọ sínú ìwé lọ dáadáa. Àwọn kan jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn kan kàwé lábẹ́ igi, àwọn olùkọ́ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wọn tán sì ni wọ́n dúró níwájú wọn. Èyí kò sọ ètò náà di ohun àbùkù, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà wà lára ohun tí ó dára jù lọ tí ìjọba kan ṣe fún ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó ń se oúnjẹ àlejò níláti mọ iye àlejò.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ gbé irú ètò kan náà kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyíinì ni 2,300,000, ni iye ọmọ tí wọ́n ń retí ní kíláàsì kìíní. Àwọn tí wọ́n dé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000,000. Odidi ọdún mọ́kànlélógún ti kọjá lẹ́yìn ti Ìbàdàn, àṣìṣe kan náà sì tún ṣẹlẹ̀, tí ó sì tóbi ju ti ìṣáájú lọ.

Ní Èkó, ohun tí àìtó yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bí ni ilé-ìwé àárọ̀ àti ilé-ìwé ọ̀sán. Àwọn ọmọ kan yóò wọlé láàárọ̀, wọn yóò jáde ní ọ̀sán gangan, àwọn mìíràn yóò sì jókòó sórí àga kan náà títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Látéèfù Jákàńdè di gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ó pinnu láti fòpin sí i. Ó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láàárín àkókò kúkúrú, ilé gbọọrọ gbọọrọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára, tí àwọn alátakò rẹ̀ fi ń pè é ní ilé adìyẹ. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn lẹ́nu àwọn tí ọmọ tiwọn ti ní ibi tí yóò jókòó sí. Ní tòótọ́, ìyára ni Jákàńdè fi bá ìṣòro náà jà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti wà ni ilé ti dìde. Ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ wà lè máà jẹ́ ibi tí ọmọ wà, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán ilẹ̀ lè fi ohun tí ojú lásán kò rí hàn. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì ń pa àwọn ènìyàn ní àdúgbò Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow mú àwòrán ilẹ̀ àdúgbò náà, ó sì fi àmì sí ilé kọ̀ọ̀kan tí òkú ti jáde. Nígbà tí ó wò ó, ó rí i pé àwọn àmì náà ṣù jọ yí ẹ̀rọ omi kan ká, ní òpópó tí a ń pè ní Broad Street. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà lè fa omi níbẹ̀ mọ́. Snow kò ní ju orúkọ òkú àti orúkọ òpópó lọ. Títò tí ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ ni ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn aṣètò ẹ̀kọ́ gbà lò. Ní ọdún 1963 ni àjọ UNESCO dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Paris fún kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ètò ẹ̀kọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn olùwádìí ilé-ẹ̀kọ́ náà rin ilẹ̀ púpọ̀, wọ́n dé Ankole ní Uganda pàápàá, wọ́n ń wá ọ̀nà tí a lè gbà mọ ibi tí ó yẹ kí ilé-ìwé wà. Jacques Hallak sì kọ ìwé lé e lórí ní 1977. Nígbà náà, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé ni ohun èlò wọn. Wọn yóò ya abúlé sí orí bébà kan, wọn yóò ya odò àti ọ̀nà sí orí òmíràn, wọn yóò ya ilé-ìwé sí orí ẹ̀kẹta, wọn yóò sì gbé wọn lé ara wọn níwájú iná. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, tàbí tí abúlé tuntun bá dé, wọn yóò tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe ni pé ó sọ àwọn bébà wọ̀nyí di ohun tí kì í gbó tí kì í sì í ya. Ẹ jẹ́ kí a rò ó bíi dígí pẹlẹbẹ púpọ̀ tí a tò léra wọn. Ojú ọ̀nà wà lórí dígí kìíní. Odò, àbàtà àti gọ́tà ńlá wà lórí èkejì. Ilé gbígbé wà lórí ẹ̀kẹta. Ilé-ìwé, pẹ̀lú iye kíláàsì àti iye olùkọ́ rẹ̀, wà lórí ẹ̀kẹrin. Iye ènìyàn àti ọjọ́ orí wọn wà lórí ẹ̀karùn-ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ nǹkan lè yọ dígí kan, kí ó fi òmíràn sí i, kí ó sì bi ẹ̀rọ náà léèrè pé: ọmọ mélòó ni ó wà láàárín kìlómítà kan sí ilé-ìwé yìí? Èwo nínú àwọn àdúgbò Ẹgbẹ́dá ni kò ní ilé-ìwé ìjọba kankan ní ìtòsí?

Kí àwọn dígí náà tó lè bá ara wọn mu, ohun gbogbo níláti ní ibùdó tí ó dájú lórí ilẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ti Amẹ́ríkà tí a ń pè ní GPS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jù sí òfuurufú ní ọdún 1978, ń yí ayé ká ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sókè. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lọ́wọ́ awọnlẹ̀, tàbí fóònù tí ó wà nínú àpò olùkọ́, yóò gba ìró láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, yóò ṣírò àkókò tí ìró kọ̀ọ̀kan fi rìn, yóò sì ti inú rẹ̀ mọ ibi tí òun wà. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ìró náà rú díẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ológun. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ni ohun èlò náà wá wúlò fún gbogbo ayé. Nàìjíríà náà kò jókòó lásán. A ju NigeriaSat-1 sókè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 láti máa ya àwòrán ilẹ̀ láti òfuurufú, a sì ju NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan NigeriaSat-X ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí kò sì jìnnà sí wa: ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1908 wà ní Ọ̀yọ́, èyí tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà sì dá sílẹ̀ ní 1972 fún kíka àwòrán tí a yà láti òkè wà nínú ọgbà yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn dígí tí a kà sílẹ̀ yìí, ẹ̀karùn-ún ni ó ṣòro jù. Ọ̀nà kì í sá, odò kì í kó lọ sí ilé mìíràn, ṣùgbọ́n ènìyàn ń rìn, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń kú. Ìkànìyàn ni a fi ń mọ iye wọn, Alímọ̀ṣọ́ sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ìkànìyàn ti le jù ní gbogbo Èkó. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, Àjọ Ìkànìyàn ti Orílẹ̀-èdè ka gbogbo Nàìjíríà. Iye tí wọ́n rí ní Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714, iye tí kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Nàìjíríà tí ó tó o. Ṣùgbọ́n ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka àwọn ènìyàn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àkókò kan náà, òun sì rí 2,047,026. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, iye àjọ náà jẹ́ 9,113,605, ti ìpínlẹ̀ sì jẹ́ 17,552,942. Ìyàtọ̀ náà fa ẹjọ́ àti àríyànjiyàn tí kò tán bọ̀rọ̀, nítorí pé owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín wà lára ohun tí iye ènìyàn ń pinnu.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó sílẹ̀ ná, kí a wo ohun tí ìyàtọ̀ yìí jẹ́ lójú ọmọ tí ń wá àga tí yóò jókòó sí. Bí a bá yọ iye kékeré kúrò nínú iye ńlá ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ohun tí yóò kù jẹ́ 769,312. Ká ní ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, èyí tí í ṣe ọjọ́ orí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A jẹ́ pé ọmọ tí ó lé ní 115,000 ni a kò mọ̀ bóyá wọ́n wà tàbí wọn kò sí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé kí ọmọ inú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan má ju 35 lọ. Bí a bá fi 35 pín iye náà, yóò fún wa ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó 3,300. Ẹni tí ó gba ìwé àjọ náà gbọ́ kò ní kọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó gba ti ìpínlẹ̀ gbọ́ yóò wá owó gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò ṣi owó ná tàbí kí ó fi ọmọ sílẹ̀ síta, àwòrán ilẹ̀ tí ó dára jù lọ láyé kò sì lè sọ ẹni tí ó jàre bí iye tí a kọ sórí rẹ̀ kò bá tọ́.

Ó dùn mọ́ni láti fi Alímọ̀ṣọ́ wé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí fẹ̀ ju ti Alímọ̀ṣọ́ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ ni àjọ náà ka 117,481 péré síbẹ̀ ní 2006, tí ìpínlẹ̀ sì ka iye tí ó kéré sí i, 99,540. Ní irú ibẹ̀, jíjìn ni ọ̀tá ọmọ: ilé-ìwé lè ṣófo nítorí pé abúlé tí ó yí i ká kéré, kí ọmọ abúlé kejì sì máa rìn tí ó ń làágùn. Kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta ni àwọn aṣètò sábà máa ń fi ṣe òdiwọ̀n fún ọmọ kékeré. Ní Alímọ̀ṣọ́, kìlómítà méjì lè gba àdúgbò mẹ́ta kọjá. Èrò ni ọ̀tá ọmọ níbẹ̀, kì í ṣe jíjìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi òfin kan náà ṣètò ibi méjèèjì yóò ṣe ọ̀kan ní ibi.

Lẹ́yìn 2006, wọ́n tún múra láti ka orílẹ̀-èdè yìí. Àjọ náà fi àwòrán sátẹ́láìtì àti kọ̀ǹpútà ọwọ́ pín gbogbo Nàìjíríà sí ẹ̀ka kéékèèké, kí ó má baà sí ilé tí a kò mọ ẹni tí yóò kà á. Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n fi ìkànìyàn náà sí. Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀, ìjọba sún un síwájú. Ọmọ tí a kà ní ọmọ ọdún kan ní 2006 ti pé ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Ó ti gba ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ti girama, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún padà wá kà á.

Níwọ̀n bí ìkànìyàn ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Ìhà Òkè Ọya ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ń lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn abẹ́rẹ́-àjẹsára ń tọ ọ̀nà tí ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, wọ́n sì ń fo àwọn abúlé tí kò sí nínú rẹ̀ láìmọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2012, wọ́n fi àwòrán láti òfuurufú wá àwọn abúlé náà rí, a sì kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé oríṣi àrùn náà tí ń jà fúnra rẹ̀ ti kúrò ní gbogbo Áfíríkà. Láti inú iṣẹ́ náà ni ètò kan ti jáde tí a ń pè ní GRID3, tí ó ń fi ibùdó ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ọjà àti ibùgbé sórí àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye ènìyàn ni pé wọn yóò mú àwọn àdúgbò díẹ̀, wọn yóò ka gbogbo ará ibẹ̀ ní tòótọ́, wọn yóò ka òrùlé tí ó wà níbẹ̀, wọn yóò sì fi iye tí ó kan òrùlé kọ̀ọ̀kan díwọ̀n àwọn àdúgbò tí wọn kò lè dé.

Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Ẹgbẹ́dá yóò ti rí ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Òrùlé kan lè jẹ́ ti baba kan, ìyá kan àti ọmọ mẹ́ta. Òrùlé tí ó tóbi bákan náà, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, lè bo ilé alájà méjì oníyàrá méjìlélógún, tí ìdílé kan wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Sátẹ́láìtì ń wo orí ilé. Kò wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ọmọ tẹ́ ẹní sí. Ìdí nìyí tí a fi níláti mú àdúgbò tí a ó kà láti inú oríṣiríṣi ilé, tí kò fi yẹ kí a fi ìwọ̀n Abẹ́sàn wọn Ìjẹ̀gún.

Dígí ẹ̀kẹrin, tí ilé-ìwé wà lórí rẹ̀, ní ìṣòro tirẹ̀ náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, ilé-ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó wà nínú ọgbà kan ṣoṣo, tí olúkúlùkù ní ọ̀gá tirẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀. Bí a bá fi àmì sí wọn, àwọn àmì náà yóò gun ara wọn lórí, ẹni tí ń wo àwòrán yóò sì rò pé ilé-ìwé kan ni. Èyí tí ó tún le jù ni ti àwọn ilé-ìwé aládàáni. Ìwádìí tí a ṣe ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2010 sí 2011 rí ilé-ìwé aládàáni 12,098, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò tíì gba ìwé àṣẹ ìjọba. Àwọn mìíràn wà nínú ilé gbígbé. Pátákó orúkọ wọn nìkan ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá ṣètò Alímọ̀ṣọ́ bí ẹni pé àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí kò sí yóò kọ́ yàrá tí ó pọ̀ jù síbi kan. Ẹni tí ó bá sì kà wọ́n mọ́ tìjọba láìbéèrè iye owó tí wọ́n ń gbà yóò rò pé gbogbo ọmọ àdúgbò náà ti ní ibi tí wọn yóò lọ, nígbà tí ọmọ alágbàṣe wà nílé nítorí owó ilé-ìwé.

Ní ti jíjìn pàápàá, ẹ̀rọ lè tan ẹni tí kò bá ṣọ́ra jẹ. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà fa òbírí kìlómítà kan yí ilé-ìwé kan ká ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Ìṣẹrì lọ sí Ìgàndò, yóò fà á láìbìkítà. Kò mọ̀ pé ọ̀nà ńlá ni ó la òbírí náà já, pé ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ tí ń gbé pàǹtírí lọ sí ààtàn Ìgàndò ń sáré kọjá níbẹ̀, pé ìyá kankan kò sì ní jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà dá a sọdá. Kò mọ̀ pé àbàtà wà lẹ́yìn ọjà, tí omi òjò oṣù kẹfà yóò bò. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń kọ ìwọ̀n òbírí sílẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tọ ojú ọ̀nà gan-an láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé ibi báyìí kò ṣeé kọjá. Bí a bá ṣe èyí, òbírí náà yóò di ohun wíwọ́ bí ewé tí kòkòrò jẹ, ṣùgbọ́n yóò jọ òtítọ́.

Ká ní ẹ̀rọ ti sọ fún wa pé 20,000 ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé kan láìséwu. Bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá jẹ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n jẹ́ 3,000. Bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà bá ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba, wọ́n jẹ́ 1,200, yàrá 35 ni wọ́n sì nílò. Bí ilé-ìwé náà bá ní yàrá 18, a ti mọ̀ pé mẹ́tàdínlógún ni ó kù. A lè wá wo ilé-ìwé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá ó ní àyè tí ó ṣẹ́kù, kí a sì sún ààlà díẹ̀, kí òpópó mélòó kan bọ́ sọ́dọ̀ ìyẹn. Bí kò bá ní, a ó wá ilẹ̀. Bí kò bá sí ilẹ̀, tí ó sì dájú pé kò ní sí ní àárín Ẹgbẹ́dá, a ó kọ́ ilé sókè dípò kí a kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ààlà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹnu ibodè Alímọ̀ṣọ́ ni ààlà Ìpínlẹ̀ Èkó àti ti Ògùn wà ní ìhà Àyọ̀bọ́, àwọn ọmọ tí ó wà ní òdìkejì sì ń wọlé wá kàwé, nítorí pé ilé-ìwé tí ó sún mọ́ wọn ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ gómìnà tí ó ni ín. Àwòrán ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ kan yà sábà máa ń parí sí ẹnu ààlà rẹ̀, bí ẹni pé ayé parí síbẹ̀. Ó yẹ kí ìpínlẹ̀ méjèèjì fi dígí wọn sórí ara wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí wọn kò tilẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ya ààlà tirẹ̀ tán, ó tọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ gbé e lọ bá baálẹ̀, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àti àwọn ìyálọ́jà. Àwọn wọ̀nyí ni yóò sọ fún wọn pé afárá tí ó wà nínú àwòrán ti wó, pé àwọn ọmọọ̀ta ń jókòó sí ọ̀nà àbùjá tí ẹ̀rọ yàn, tàbí pé ilé tuntun tí ó tó ọgọ́rùn-ún ti dìde lẹ́yìn sátẹ́láìtì tí ó yàwòrán náà. Ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ àjọ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, ti àgbà girama yóò sì lọ sí ọ́fíìsì ẹkùn ní Agége. Iye ọmọ tí ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé ìkàmọ̀ ọdọọdún ni wọn yóò fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí ó bá bù kún un kí wọ́n lè fún un ní àga púpọ̀ sí i, tàbí tí ó bá dín in kù kí wọ́n má baà bi í léèrè ìdí tí ọgọ́rin ọmọ fi wà nínú kíláàsì kan, irọ́ náà yóò gun orí dígí lọ, kò sì sí sátẹ́láìtì tí yóò rí i láti òkè.